Báwo la ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré láti fúnni ní ohun tirẹ̀ nígbà Kérésì?

Ìyá_Ọlọ́mọ_Méjì (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti kéde pé ní Sọ́ńdè tó ṣáájú Kérésì, kí gbogbo ọmọ sọ́ńdè sùkúù mú ẹ̀bùn wá fún àwọn aláìní. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá á ra páálí núdù kan àti ọṣẹ, á fi ọ̀rá aláràbarà dì í, á gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ á jó dé iwájú, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, á padà wá jókòó. Bí ẹ bá bi í pé kí ló wà nínú ọ̀rá tó gbé sílẹ̀ yẹn, kò mọ̀. Bí ẹ bá bi í pé ta ló fẹ́ fún, kò mọ ìyẹn náà.

Ọmọ ọdún 4 ni àbíkẹ́yìn mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 7. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa bá mi ru ẹrù tí èmi rà. Mo fẹ́ kí àwọn fúnra wọn fúnni, kó sì ti inú wọn wá, nítorí Jésù tí a ní à ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé "tèmi ni" ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde láti òwúrọ̀ di alẹ́, ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ dé ibì kan, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Aránṣọ_Ìsíkàn

Màmá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ọmọdé ò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ rà á fún un, kó máa gbé e lọ síwájú, ó máa mọ́ ọn lára. Bí wọ́n ṣe ṣe tiwa náà nìyẹn, a sì ń fúnni lónìí.

Tíṣà_Òkè-Àró

Aránṣọ, ẹ má bínú, mi ò gbà pé ọmọdé ò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ní sọ́ńdè sùkúù. Ẹ fún ọmọ ọdún 4 ní bísíkíìtì mẹ́ta, kí ẹ ní kó fún ẹnì kejì rẹ̀ ní ọ̀kan, kí ẹ wá máa wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Á fọwọ́ kan èyí tó pé, á fi í sílẹ̀. Á fọwọ́ kan èkejì, á tún fi í sílẹ̀. Èyí tó ti fọ́ létí ló máa mú. Ọmọ tó ro ìyẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ èyí tó dára jù, ó sì mọ̀ pé òun fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní bá a wí, mi ò ní gba èyí tó pé lọ́wọ́ rẹ̀. Màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fún ẹlòmíì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi náà á mú bísíkíìtì wá, èyí tó pé ni màá fún un, èyí tó fọ́ ni màá jẹ lójú rẹ̀. Ó ń wò mí. Wọ́n máa ń wo ẹnu wa àti ọwọ́ wa ju bí a ti rò lọ.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, ìbéèrè kan ni mo ní fún yín kí a tó lọ jìnnà. Kí ni àwọn ọmọ yín ní tó jẹ́ tiwọn?

Mo bi yín torí pé ohun tí mò ń rí lọ́dọọdún nìyí. Ìgbà Kérésì ni ọmọ máa ń rí owó jù. Á wọ aṣọ tuntun, á fi awò sójú, á lọ kí ẹbí àti ará, wọ́n á fún un ní ₦200, ₦500. Bàbá àgbà tí inú rẹ̀ bá dùn á fa ₦1,000 yọ. Kí ọmọ tó délé, ìyá ti nawọ́: "Mú un wá, jẹ́ kí n bá ọ tọ́jú ẹ̀." Ọmọ yẹn kò ní rí owó náà mọ́. Tó bá di Sọ́ńdè, ìyá kan náà á fún un ní ₦50 pé kó lọ fi sínú igbá. A gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a fi tiwa lé e lọ́wọ́, a wá ní à ń kọ́ ọ láti fúnni. Ẹni tí kò ní nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀, kí ló fẹ́ fúnni?

Nígbà tí Aráúnà fẹ́ fún Dáfídì ní ilẹ̀ ìpakà àti màlúù lọ́fẹ̀ẹ́ kó fi rúbọ, Dáfídì kọ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tí òun kò náwó fún rú ẹbọ sísun sí Olúwa Ọlọ́run òun, ó sì san 50 ṣékélì fàdákà (2 Sámúẹ́lì 24). Ohun tí à ń fi àwọn ọmọ wa ṣe ní iwájú pẹpẹ ni Dáfídì kọ̀ yẹn.

Bàbá_Táíwò (Ọ̀bà-Ilé)

Tíṣà, ẹ rọra o. Owó tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́jọ́ ọdún kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fún ọmọ mi ní ₦1,000, èmi náà gbọ́dọ̀ fún tirẹ̀ bí mo bá débẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ju tèmi lọ. Níbo ni kí n ti rí i bí mi ò bá fọwọ́ kan èyí tó wọlé? Ọ̀pọ̀ ilé ló sì jẹ́ pé owó yẹn ni wọ́n fi ń ra ìwé àti bàtà sùkúù bí wọ́n bá wọlé nínú oṣù kìn-ín-ní. Kì í ṣe pé òbí ń jẹ ọmọ ní gbèsè.

Tíṣà_Òkè-Àró

Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá Táíwò, mi ò sì ní kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ là á yé e. Ẹ kó owó náà sílẹ̀ lójú rẹ̀: "Èyí la máa fún àwọn ọmọ bọ̀dá, èyí la máa fi ra ìwé ẹ, èyí tìẹ ni." Bó bá jẹ́ ₦200 péré ló kù sọ́wọ́ rẹ̀, tó sì dá a lójú pé kò sẹ́ni tó máa gbà á, ó ti tó. Nínú ₦200 yẹn ló ti lè fúnni. Èyí tí a bá kàn gbà tí a ò sọ ibi tó lọ, ohun tí ọmọ ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí nǹkan bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni, kéèyàn yára fi pamọ́ kí ẹnìkan tó gbà á.

Nọ́ọ̀sì_Alágbàká

Tíṣà, ohun tí ẹ sọ yìí, àwọn onímọ̀ ti wò ó. Ní 2012, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Wọ́n fi ìpápánu wẹ́wẹ́ sínú abọ́ fún ọmọ, wọ́n wá gbé bèbí ẹranko kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ darí jókòó sí iwájú rẹ̀. Nígbà mìíràn olùṣèwádìí á ṣe bí ẹni pé òun rí ìpápánu kan níbòmíràn, á ní kí ọmọ náà bá òun fún bèbí. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kó mú nínú abọ́ tirẹ̀ fún un. Wọ́n ya ojú ọmọ sínú fídíò láti mọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Inú àwọn ọmọ náà dùn nígbà tí wọ́n fúnni ju ìgbà tí àwọn fúnra wọn gbà lọ. Ìgbà tó wá jẹ́ pé abọ́ tiwọn ni wọ́n ti mú un, inú wọn tún dùn ju ìgbà tó jẹ́ pé wọ́n kàn bá ẹlòmíì fà á lé e lọ́wọ́.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 nìyẹn o! Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 20:35 ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àti fúnni ní ìbùkún ju àti gbà lọ. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kà pé Ọlọ́run ti fi í sínú wọn kí wọ́n tó lè pe orúkọ ara wọn já geere.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ní 2008, àwọn olùṣèwádìí ní Leipzig ní Jámánì wo àwọn ọmọ oṣù 20 tí wọ́n ń ran àgbà lọ́wọ́, irú bíi kí wọ́n bá a mú ohun tó jábọ́. Wọ́n ń fún àwọn kan ní ohun ìṣeré bí wọ́n bá ti ṣe é, wọ́n ń yin àwọn kan, wọn ò ṣe nǹkan kan fún àwọn yòókù. Nígbà tí ẹ̀bùn dáwọ́ dúró, àwọn tí wọ́n ti ń fún ní ohun ìṣeré ni ìrànlọ́wọ́ wọn dín kù. Nítorí náà, Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, ẹ má sọ fún un pé bó bá fún ẹnìkan ní bàtà, ẹ máa ra súìtì fún un. Ẹ jẹ́ kí ayọ̀ ìfúnni náà tó o.

Aránṣọ_Ìsíkàn

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì yìí rán mi létí nǹkan kan. Bí oṣù Kọkànlá bá ti parí, ṣọ́ọ̀bù mi máa ń kún fún aṣọ Kérésì àwọn ọmọdé. Ìyá kan wà tí kì í mú ti àwọn ọmọ tirẹ̀ nìkan wá, ó máa ń fi ti ọmọ kan sí i, ọmọ obìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá ládùúgbò wọn. Lọ́dún tó kọjá, ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dání, ó ní kó yan áńkárá fún ọmọ náà. Mo ti kó èyí tó dín owó sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ yẹn ò wò ó rárá. Aṣọ tirẹ̀ tí mo ti gé sórí tábìlì ló nawọ́ sí, ó ní irú ẹ̀ lòun fẹ́, kí ó lè rí bíi tòun. Ìyá ẹ̀ wò mí, mo wò ó. Ó san án.

Mo gbà pé ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n.

Bàbá_Oníkòkó (Òǹdó)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kòkó ni wọ́n fi tọ́ wa ní Òǹdó níbí. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá ni kòkó ti máa ń so dáadáa títí wọ inú ọdún tuntun, owó sì máa ń wà nílé kí Kérésì tó dé. Bàbá mi máa ń fi igi kòkó kan han ọmọ kọ̀ọ̀kan létí ọ̀nà oko, á ní, "Tìẹ nìyí." Ìwọ lo máa ká a, ìwọ lo máa là á. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo tìẹ lọ́tọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìwọ lo máa sá a sí igun ẹní tìẹ, òjò bá ṣú, ìwọ lo máa sáré lọ kó o. Nígbà tí ẹni tó ń ra kòkó bá gbé e lé òṣùwọ̀n, owó rẹ̀ lè má tó ra ṣòkòtò kan, àmọ́ ọwọ́ rẹ ló máa bọ́ sí.

Bàbá mi á wá pè wá jókòó lálẹ́. Á ní, "Èwo lo yà sọ́tọ̀ fún Olúwa? Èwo ni ti ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé?" Kò ní dá iye kan fún ẹ. Bí o bá ní o ò ya nǹkan kan, á ní ó dáa, á yíjú sí ẹlòmíì. Kò ní nà ẹ́, kò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Pọ́ọ̀lù ní kí olúkúlùkù ṣe bó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀, torí onínúdídùn ọlọ́rẹ ni Ọlọ́run fẹ́ (2 Kọ́ríńtì 9:7). Ẹni tí wọ́n fi pàṣán gba tọwọ́ rẹ̀ kò tíì fúnni.

Ohun kejì. Kàtídírà wa níbí, Stefanu Mímọ́ ló ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ pé wọ́n sọ Stefanu lókùúta pa. Wọn ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn án sí. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé wọ́n ń gbójú fo àwọn opó àwọn níbi ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Wọ́n yan ènìyàn méje sórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn, Stefanu ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejì Kérésì, ni ìjọ ń rántí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa mọ ọjọ́ yẹn sí Bọ́síìn Dè, ọjọ́ ìgbafẹ́. Nílé mi, ọjọ́ kejì Kérésì ni àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn opó. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an, oúnjẹ kì í wọ́n níbikíbi. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ìkòkò ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbófo, tí kò sì sẹ́ni tó tún rántí wọn.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Méjì (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, mà á kà á fún ọkọ mi. Igi kòkó ò sí ní Ìjàpọ̀, àmọ́ a ní adìyẹ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé tí a ń tọ́jú de ọdún. Ẹ̀gbọ́n ló ń fún wọn ní oúnjẹ. Ó ń yí lọ́kàn mi.

Ọmọ_Ìdànrè

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ó sún mọ́ mi.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí nílé kan ní Àkúrẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Bí Kérésì bá ti ń bọ̀, ìyá ilé á kó ọjà, àwọn ọmọ á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, wọ́n á kó ìrẹsì àti ohun ìṣeré fún wọn, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á padà wálé. Èmi ni mo dì ẹrù yẹn. Èmi ni mo ń fọ àwo lẹ́yìn wọn. Lọ́jọ́ Kérésì, mo máa ń jẹun lẹ́yìn tí àlejò ìkẹyìn bá ti lọ, ọrùn adìyẹ àti ìrẹsì ìsàlẹ̀ ìkòkò ló máa ń kàn mí. Ọmọ ilé yẹn tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ kò ronú kàn mí rí, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ohun tí wọ́n fi hàn án ni pé aláìní ni àwọn tí a máa ń wọkọ̀ lọ bá.

Bí ẹ bá ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bu oúnjẹ rẹ̀ kí ó tó bu tara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ẹran gidi sí i. Kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, kó pè é ní àǹtí bó bá jù ú lọ. Ẹ má jẹ́ kó pè é lórúkọ lásán bí ẹni ń pe ajá. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alágbàká

Ọmọ Ìdànrè, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á máa bá yín gbé.

Bàbá_Táíwò (Ọ̀bà-Ilé)

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ síta. A ní ọmọbìnrin kan tó ń bá wa gbé. Màá pe ìyàwó mi wá ka èyí.

Ìyá_Ráfíù (Ìjọ̀kà)

Ẹ kú ìjíròrò. Mùsùlùmí ni mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Bí Iléyá bá dé, àwọn ọmọ mi ló ń gbé ẹran lọ fún àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Onígbàgbọ́. Bí Kérésì bá dé, àwọn ọmọ tiwọn á gbé ìrẹsì wá fún wa. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ bíi ọdún 6, máa ń gbé kúlà aláwọ̀ búlúù kan tó tóbi fún ọwọ́ rẹ̀, á fi àyà gbé e, á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú kúlà yẹn lọ́wọ́, á ní, "Mọ́mì mi ní kí n gbé oúnjẹ ọdún fún yín o, mà." Tí a bá ní kó wọlé, á jókòó, á dúró kí a ṣí i, torí ó fẹ́ rí ojú wa.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mò ń rí i pé àwọn kan á ní kí dírẹ́bà gbé e wá, tàbí kí wọ́n pè wá lórí fóònù pé ká rán ọmọ wá gbà á. Oúnjẹ ni wọ́n fún wa, a sì dúpẹ́, àmọ́ ọmọ wọn ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé e. Kódà bó bá dà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nílé wa, a kì í dá kúlà padà lófìfo. Bí kò bá tiẹ̀ ju ọsàn méjì lọ, àwọn ọmọ mi ló ń yan ohun tí wọ́n máa fi sínú rẹ̀.

Ayàwòrán_Oyèmẹ́kùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí fídíò. Iṣẹ́ mi ni, mo sì ń fi jẹun, àmọ́ bí wọ́n bá pè mí wá ya ọmọ kékeré tó ń gbé àpò ìrẹsì fún arúgbó, tí wọ́n ní kí arúgbó náà yíjú sí kámẹ́rà, ọkàn mi kì í balẹ̀. Mátíù 6:3 ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ọmọ tí a ń yà ní gbogbo ìgbà tó bá fúnni á máa wo ibi tí kámẹ́rà wà, kò ní wo ojú ẹni tó ń fún ní nǹkan. Ẹ ya ọmọ yín nínú aṣọ ọdún rẹ̀, ẹ yà á níwájú igi Kérésì, mo wà fún yín. Ibi ìtọrẹ nìkan ni kí ẹ fi fóònù sápò.

Pásítọ̀_Ìlárá

Mo gbà pẹ̀lú Ayàwòrán. Lọ́dún tó ń bọ̀ yìí, kò ní sí fídíò níbi ìpín ẹ̀bùn wa.

Mọ́mì_Arákàlẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ti Bàbá Kérésì. Ọmọ mi ti ń ka ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ Bàbá Kérésì fún mi láti oṣù Kẹwàá. Ṣé kí n sọ fún un pé kò sí ni?

Tíṣà_Òkè-Àró

Ẹ sọ ìtàn ẹni tí wọ́n ti fà á yọ fún un. Bíṣọ́ọ̀bù ni Nicholas, ní ìlú Myra, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní ọ̀rúndún kẹrin. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé bàbá kan wà tí kò ní owó tí yóò fi fa ọmọ rẹ̀ obìnrin mẹ́ta fún ọkọ. Nicholas wá lóru, ó ju owó wúrà wọlé láti ojú fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé òun ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀. Àwọn ará Holland ń pè é ní Sinterklaas, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Santa Claus.

Nígbà tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì, ọmọ kan béèrè pé, "Tíṣà, ṣé àwa náà lè ju nǹkan wọlé ẹnìkan?" Wọ́n ju bísíkíìtì àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà màmá tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n sì sáré. Wọn ò sọ fún un títí dòní. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣe Bàbá Kérésì fún ẹlòmíì lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ máa rí i bí àkọsílẹ̀ ohun tó fẹ́ gbà yẹn á ṣe kúrú.

Ìyá_Adé (Ọ̀bà-Ilé)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo sì rò ó bóyá kí n kọ̀wé tàbí kí n má kọ. Ọkọ mi ti kú. Àwa ni ẹ̀ ń gbé nǹkan wá bá.

Ẹ ṣeun. Mo fi gbogbo ọkàn sọ ọ́. Ọdún kan wà tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe ìrẹsì tí àwọn ọmọ sọ́ńdè sùkúù kó wá, ẹ̀bà la bá fi ṣe Kérésì. Nítorí náà mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ mi sí ìráhùn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní nǹkan díẹ̀ sí i.

Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n béèrè orúkọ àwọn ọmọ mi. Ìgbà tí àwọn kan wá, ọmọbìnrin kékeré kan béèrè orúkọ ọmọ mi, ó béèrè kíláàsì tó wà, wọ́n jọ ta ayò lórí ilẹ̀ títí ìyá ẹ̀ fi ní ó tó àkókò. Ọmọ mi gbàgbé ohun tí wọ́n kó wá lọ́jọ́ yẹn. Kò gbàgbé ọmọ yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kó èyí tó ti ya wá. Aṣọ àlòkù kì í ṣe ẹ̀gbin, a máa ń wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí bọ́tìnì rẹ̀ pé. Ẹ fi lé ọmọ yín lọ́wọ́ kó bá yín wá bọ́tìnì tó já, kó bá yín ká aṣọ náà. Bàtà tó ti ń jẹ omi ní ìsàlẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Èyí tó kẹ́yìn. Àwọn ọmọ tèmi náà ń fúnni. Ẹ má rò pé ọmọ aláìní kò ní ohun tó lè fún ẹlòmíì. Ọmọ mi ọkùnrin máa ń pọn omi fún bàbá afọ́jú kan ní òpópónà wa kí ó tó lọ sí sùkúù. Opó tí Jésù rí nínú Máàkù 12, owó wẹ́wẹ́ méjì ló ní, gbogbo rẹ̀ ló sì jù sínú àpótí. Jésù kò sọ fún un pé kó mú un padà sílé torí pé òtòṣì ni. Bí sọ́ńdè sùkúù bá ń gba ẹ̀bùn, ẹ má fi àwọn ọmọ wa jókòó sápá kan bí ẹni tó ń dúró de ìpín. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà tò sórí ìlà.

Tíṣà_Òkè-Àró

Ìyá Adé, a ti gbọ́. Ní kíláàsì mi, gbogbo wọn ló máa tò sórí ìlà lọ́dún yìí. Ọmọ tó bá pọn omi fún ẹnìkan á wá sọ fún wa pé omi lòun mú wá.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Méjì (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ tó.

Bàbá wọn àti èmi ti jókòó sọ ọ́. A fún ẹ̀gbọ́n ní ọ̀kan nínú adìyẹ mẹ́ta yẹn pé tirẹ̀ ni, kó ṣe é bó bá ṣe wù ú. Ó béèrè bóyá òun lè tà á. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá òun lè jẹ gbogbo rẹ̀. A ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì dákẹ́ bíi bàbá tó wà ní Òǹdó. Lálẹ́ ó wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ní òun fẹ́ kí a sè é, kí itan kan jẹ́ tòun, kí itan kejì jẹ́ ti Bàbá gáádì ẹnu géètì, torí Bàbá gáádì kì í lọ sílé lọ́jọ́ ọdún. Ó ní kí n má sọ fún un. Àbúrò rẹ̀ gbọ́, ó ní òun náà fẹ́ fún Bàbá gáádì ní nǹkan. Ó lọ mú mọ́tò rẹ̀ tí táyà rẹ̀ kan ti yọ wá. Mi ò sọ nǹkan kan. A fi sínú ọ̀rá, a so ó.

Ìbéèrè kan ló kù: aago mélòó ló yẹ kí wọ́n gbé oúnjẹ jáde lọ́jọ́ Kérésì? A máa ń dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní nǹkan bí aago 12.

Ìyá_Ráfíù (Ìjọ̀kà)

Aago 12 ti pẹ́ jù, mà. Nígbà yẹn, ìrẹsì ti wọlé láti ilé márùn-ún, ẹni tí ẹ fẹ́ fún sì lè ti jáde. Ẹ sè é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ kàn gbé e kaná láàárọ̀, kí àwọn ọmọ gbé e lọ fún Bàbá gáádì kí ẹ tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn. Ọbẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kó bá aṣọ funfun pàdé.